Àgbàlagbà Náà Nílò Ẹni Tí Yóò Sá Di

Omi mímu, ẹ̀fọn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti oúnjẹ ọmọ la sábà máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí ní abala ìlera àti ìmọ́tótó yìí. Tòní yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ni, ẹni tí kò ní ibà, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ru, ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó sún mọ́ ọn jù lọ láyé.

Ẹni tó bá ń gbé ní Mowe tàbí Ibafo mọ bí ọjọ́ ṣe ń lọ níbẹ̀. Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá ti dúró sí etí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, wọ́n ń wá ọkọ̀ Berger, Ojota àti Oshodi. Nígbà tí wọ́n bá fi máa padà, ilẹ̀ ti ṣú, ọkọ̀ ti tò kalẹ̀ lórí Long Bridge. Ọ̀nà Abẹ́òkúta àtijọ́ ni ti àwọn ará Ifo, láti Sango dé Abule Egba, ìyà kan náà ni. Ọmọ ń sùn nígbà tí òbí jáde, ó ti sùn nígbà tí òbí wọlé. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ ọmọ. Àwọn òbí gan-an ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, nítorí pé àwọn náà ti ṣe ọmọ rí.

Ẹ jẹ́ kí n fi tọkọtaya kan ṣe àpẹẹrẹ. Kò sí ẹnì kan pàtó tí mo ń bá wí o. Mo kó o jọ láti inú ohun tí gbogbo wa ń gbọ́ lẹ́yìn ìpàdé asàlátù àti ní ojúlé wa. Ọkọ ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Ladipo, ìyàwó ń ránṣọ ní Mowe. Aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù, ọkọ kò tíì dé, bátìrì fóònù rẹ̀ ti tán. Ìyàwó ti pè é nígbà ogún. Àyà rẹ̀ ń já, ọwọ́ rẹ̀ ti tutù, lójú ọkàn rẹ̀ ó ti rí òkú ọkọ rẹ̀ lẹ́bàá títì. Bí ọkọ ṣe ṣí ilẹ̀kùn, “Ẹ kú ìrìn, a dúpẹ́ f'Ọ́lọ́hun” ló yẹ kó jáde lẹ́nu ìyàwó, ṣùgbọ́n ohun tó jáde ni: “Dádì wa, níbo lẹ wà? Ọ̀dọ̀ ta lẹ wà?” Ọkọ kò fèsì. Ó wẹ̀, ó jẹun, ó gbé àga síta, ó jókòó sínú òkùnkùn títí ìyàwó fi sunkún sùn.

Àwọn ẹbí ti parí ìjà yìí lẹ́ẹ̀mẹta. Àlùfáà ti gba ọkọ nímọ̀ràn pé kó máa fi ohùn rere bá ìyàwó sọ̀rọ̀, ó ti gba ìyàwó nímọ̀ràn pé kó ní sùúrù. Ìmọ̀ràn gidi ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìjà náà tún bẹ́ bíi pé ẹnikẹ́ni ò dá sí i rí.

Kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè nípa ìgbà èwe wọn. Nígbà tí ìyàwó yìí wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, ìyá rẹ̀ lọ ṣòwò ní Kútọnu. Kí ọmọ má baà sunkún, wọ́n ní, “Màmá fẹ́ lọ ra bisikíìtì wá fún ẹ.” Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọdún mẹ́ta ni bisikíìtì náà fi wà lọ́nà. Ọkọ ní tirẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí wọ́n mú un wá sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Ifo. Ó sunkún lálẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní, wọ́n ní, “Ṣé obìnrin ni ọ́ ni?” Ó sunkún lọ́jọ́ kejì, wọ́n nà án. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, kò sunkún mọ́. Gbogbo ilé ń yìn ín pé ọmọ dáadáa ni, kì í yọ ènìyàn lẹ́nu.

Ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti wá

John Bowlby, dókítà ọpọlọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ló gbé ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí kalẹ̀. Ọdún 1907 ni wọ́n bí i. Ilé olówó ni, ṣùgbọ́n nǹkan bíi wákàtí kan péré lójúmọ́ ló máa ń rí ìyá rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa tọ́jú ọmọ, Minnie lorúkọ rẹ̀, ni Bowlby fẹ́ràn bí ìyá. Kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́rin, Minnie fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Bowlby dàgbà tán kò gbàgbé ẹ̀dùn yẹn.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó wádìí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí wọn kò ní ilé, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1951. Ohun tó ń sọ láti ìgbà náà títí tó fi kú ní 1990 ni pé oúnjẹ àti aṣọ nìkan kò tó ọmọ. Ọmọ nílò ẹnì kan tó dúró, tó ń dá a lóhùn, tí ó lè sá di nígbà tí ẹ̀rù bá bà á, tí ó sì lè fi sílẹ̀ lọ ṣeré nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀. Ẹ wo ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Yóò rìn lọ díẹ̀ láàárín àwọn àlejò, yóò bojú wẹ̀yìn wo ìyá rẹ̀, yóò tún rìn síwájú. Tí ẹnì kan tó ní irùngbọ̀n gígùn bá na ọwọ́ sí i, eré ló máa sá padà sí itan ìyá rẹ̀. Ẹni tí à ń sá padà sí yẹn ni mo ń pè ní ẹni ìsádi. Okùn tó so ọmọ mọ́ ọn ni a ó máa pè ní ìsopọ̀ ọkàn.

James Robertson, tó bá Bowlby ṣiṣẹ́, ya fíìmù kan ní 1952 nípa ọmọbìnrin ọlọ́dún méjì kan tó lo ọjọ́ mẹ́jọ ní ọsibítù. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ọsibítù Ìlú Ọba kì í gbà kí òbí dúró ti ọmọ. Robertson ṣàkíyèsí pé ọmọ tí wọ́n bá fi sílẹ̀ báyìí yóò kọ́kọ́ ké tantan, yóò wá rẹ̀wẹ̀sì, lẹ́yìn náà yóò dákẹ́. Tó bá ti dákẹ́, àwọn nọ́ọ̀sì á ní ibẹ̀ ti mọ́ ọn lára. Robertson ní rárá o, ọmọ náà ti ti ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ pa ni. Bí ìyá bá dé, á máa wò ó bí ẹni wo àlejò. Ẹ rántí ọmọkùnrin Ifo tí gbogbo ilé ń yìn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan ni. Ilẹ̀ Áfíríkà ni Mary Ainsworth ti lọ wo ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní 1954, ó dé Uganda, ó ń yí abúlé ká nítòsí Kampala. Ìdílé 26 ló ń bẹ̀ wò, ọmọ 28, ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, á sì jókòó tì wọ́n nínú ilé fún nǹkan bíi wákàtí méjì. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1967. Ó rí i pé àwọn ọmọ tí ọkàn wọn balẹ̀ jù ni àwọn tí ìyá wọn lè ròyìn wọn fún àlejò ní kíkún: ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín, bó ṣe ń ké tí ebi bá ń pa á, bó ṣe ń ké tó bá jẹ́ oorun ni. Ìyá tó ń wo ọmọ rẹ̀ ló lè ròyìn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ tó ti gbọ́ ìdáhùn sí igbe rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà á dàgbà pẹ̀lú ìrètí pé tí òun bá pe ènìyàn, ènìyàn yóò jẹ́ òun. Èyí tí ìdáhùn ń wá lónìí tí kò wá lọ́la, á kọ́ bí wọ́n ṣe ń ké kíkan-kíkan, kí wọ́n má baà gbàgbé òun. Èyí tí wọ́n ń lù nítorí ẹkún, á kọ́ láti má pe ẹnikẹ́ni. Ọgbọ́n ni fún ọmọdé tí kò ní agbára mìíràn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà là ń gbé wọlé ọkọ tàbí ilé ìyàwó.

Ní 1987, Cindy Hazan àti Phillip Shaver bi àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn kan ní Denver, Amẹ́ríkà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe pẹ̀lú olólùfẹ́ wọn. Ènìyàn 620 ni wọ́n ka ìdáhùn wọn. Nínú ọgọ́rùn-ún, 56 ní ó rọrùn fún àwọn láti sún mọ́ ènìyàn àti láti gbẹ́kẹ̀ lé e. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní ara máa ń ni àwọn tí ènìyàn bá sún mọ́ àwọn jù. Àwọn 19 tó kù ní ẹ̀rù ń ba àwọn ṣáá pé ẹni tí àwọn fẹ́ràn kò ní dúró. Ará Denver nìyẹn, n kò ní kà á sí orí ará Mowe. Ṣùgbọ́n ọkọ àti ìyàwó àpẹẹrẹ wa wà nínú rẹ̀: ìyàwó ń ké kíkan-kíkan kí wọ́n lè gbọ́ òun, ọkọ ń ti ilẹ̀kùn. Bí ìyàwó ṣe ń ké sí i ni ọkọ ń ti ilẹ̀kùn sí i, bí ilẹ̀kùn ṣe ń tì sí i ni ẹ̀rù ń ba ìyàwó sí i.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí àwọn ìyàwó mọ̀ nípa ọkùnrin tó bá dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti wọn bí ọkàn àwọn ọmọ kékeré tó ń ṣe bíi pé kò kàn wọ́n nígbà tí ìyá jáde ṣe ń lù. Ó ń sáré bíi ti àwọn tó ń ké. Ẹni tó gbé àga síta sínú òkùnkùn yẹn, àyà tirẹ̀ náà ń já.

Ṣé ọmọ tí wọ́n gbé fún ẹlòmíràn tọ́ ti bàjẹ́ nìyẹn?

Rárá, ibí yìí ni ó sì yẹ kí á ti ṣọ́ra, kí á má gba ẹ̀kọ́ yìí gbà á bí àwọn kan ṣe ń sọ ọ́, bíi pé ìyá kan ṣoṣo nínú yàrá kan ṣoṣo ló lè tọ́ ọmọ yanjú. Àwa kò fi ọwọ́ ẹnì kan tọ́ ọmọ rí. Ìyá àgbà wà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n wà, ìyá tó ń ta ẹ̀kọ lójú ọ̀nà náà ń bá wa wí. Ọmọ lè ní ẹni ìsádi ju ẹyọ kan lọ, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kí wọ́n dúró.

Ẹ wo ìtàn Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Bàbá rẹ̀ kú kí wọ́n tó bí i. Halima fún un lọ́mú ní ìgbèríko. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá rẹ̀, Amina, kú ní Abwa' lójú ọ̀nà Mẹ́kà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí bàbá àgbà rẹ̀ náà kú, ó sì bọ́ sọ́wọ́ Abu Talib. Tí a bá fi ojú ẹ̀kọ́ yìí wò ó, àdánù yẹn pọ̀ fún ọmọdé. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà, Baraka, tí a tún mọ̀ sí Ummu Ayman, tó wà nílé láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, tó wà níbẹ̀ ní Abwa', tó mú un padà wá sí Mẹ́kà. Kò fi í sílẹ̀. Ànábì kà á sí ìyá lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti dàgbà, lẹ́yìn ikú rẹ̀ sì ni Abubakar àti Umar ń lọ bẹ̀ ẹ́ wò bí Ànábì ti máa ń ṣe. Sūratu Duhā rán an létí pé ọmọ òrukàn ni, Ọlọ́hun sì fún un ní ibùgbé.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà wà níbi ìtàn àwọn ọmọ wa tí wọ́n gbé fún òyìnbó tọ́ ní Ìlú Ọba. Láti àárín àwọn ọdún 1950 lọ, àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n lọ kàwé níbẹ̀ ń fi ìpolówó sínú ìwé ìròyìn, wọ́n ń wá ìdílé tí yóò bá wọn tọ́ ọmọ, wọ́n sì ń sanwó rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni, ọmọ Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Èrò àwọn òbí ò burú: bí ìgbà tí wọ́n bá gbé ọmọ fún ẹbí ni wọ́n rò ó. Ṣùgbọ́n ẹbí kọ́ ni àwọn tó gbà wọ́n. Adewale Akinnuoye-Agbaje, òṣèré tí ayé mọ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n bí i ní 1967, ọmọ ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni nígbà tí wọ́n gbé e fún ìdílé òyìnbó ní Tilbury. Nígbà tó yá, wọ́n mú un wá sí Nàìjíríà lójijì, sáàrin àwọn tí kò mọ̀ rí, ní èdè tí kò gbọ́. Ohùn rẹ̀ dá, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n tún dá a padà. Ó wá lọ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn ọmọ òyìnbó tó ń lu àwọn aláwọ̀ dúdú. Ó jà á jà á, ó bọ́ nínú rẹ̀, ó ka òfin ní yunifásítì, ó sì fi ìtàn náà ṣe fíìmù kan, Farming, tó jáde ní 2018. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n padà wá sílé ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Àwọn kan lè wà nínú sọ́fù kan náà pẹ̀lú yín ní ọjọ́ Jímọ̀.

Lójú tèmi, irọ́ bisikíìtì ló ń dá ọgbẹ́ tó jinlẹ̀ jù: kí wọ́n mú ọmọ kúrò láìsọ fún un, kí wọ́n sì na ẹkún rẹ̀ mọ́ ọn lára. Hádíìsì kan wà nínú àkójọ Abu Dawud nípa ìyá kan tó ń pe ọmọ rẹ̀ pé kó wá gba nǹkan. Ànábì bi í pé kí ló fẹ́ fún un. Ó ní dàbínù ni. Ànábì jẹ́ kó yé e pé ká ní kò fún un ní nǹkan kan ni, irọ́ ni wọn ì bá kọ sílẹ̀ fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń jáde kí ọmọ tó jí ní Mowe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un lálẹ́ àná pé ẹ ń lọ, kí ẹ sọ ẹni tí yóò wà pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ sì sọ ìgbà tí ẹ máa dé. Ó lè sunkún. Ẹkún tí ènìyàn dá lóhùn kì í pa ọmọ.

Nínú yàrá agbaninímọ̀ràn

Kí wá ni ṣíṣe fún àgbàlagbà tí ọjọ́ èwe rẹ̀ ti kọjá? Kò sí ẹni tó lè padà lọ ra bisikíìtì náà wá. Ohun tí Bowlby sọ ni pé kí agbaninímọ̀ràn di ẹni ìsádi fún ìgbà díẹ̀, kí ẹni tó wá bá a lè ní ibi tó fẹ̀yìn tì nígbà tó bá ń wo ohun tó ń bà á lẹ́rù láti wò.

Èyí ló mú kí iṣẹ́ yìí yàtọ̀ sí ìparí ìjà tí a mọ̀. Wọn kò ní pe gbogbo ẹbí jọ. Ọjọ́ kan náà, aago kan náà, yàrá kan náà ni, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kì í sì í jáde síta àyàfi tí ẹ̀mí ẹnì kan bá wà nínú ewu. Agbaninímọ̀ràn kò ní yára dá ẹjọ́. Ó lè bi ọkọ àpẹẹrẹ wa pé, “Alàgbà, nígbà tí ẹ wà ní kékeré, tí ẹ bá ṣubú tí ẹ fara pa, ọ̀dọ̀ ta lẹ máa ń sá lọ?” Ọkọ á rẹ́rìn-ín, á ní kò sí ohun tó ṣe òun, dáadáa ni wọ́n tọ́ òun. Agbaninímọ̀ràn á ní kó sọ ọjọ́ kan péré tí ó rántí tí dáadáa yẹn wà. Á ronú, á ronú, kò ní rí i. Á wá wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Ìbéèrè irú èyí wà nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan tí Mary Main àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní California láàárín àwọn ọdún 1980. Wọ́n ń bi àgbàlagbà pé kó fi ọ̀rọ̀ márùn-ún ṣàpèjúwe ìyá rẹ̀, kó sì mú ìtàn tó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn wá. Ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀ ló mú mi kọ àròkọ yìí. Bí ìyà tí ènìyàn jẹ ti pọ̀ tó kọ́ ni wọ́n ń wò jù. Bó ṣe lè sọ ọ́ ni wọ́n ń wò: ṣé ó lè sọ ọ́ tààrà, láìfi ara pamọ́, láìjẹ́ kí ìbínú gbé ọ̀rọ̀ náà lọ, kí ibi tó dùn àti ibi tó korò jọ wà nínú ìtàn kan náà? Àwọn kan wà tí ojú wọn rí màbo ní èwe, tí wọ́n sì lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọkàn àwọn ọmọ tí àwọn náà bí sì máa ń balẹ̀. Ọkọ rere, ọ̀rẹ́ gidi, ìyá ọkọ tó jẹ́ ènìyàn, tàbí agbaninímọ̀ràn ló ràn wọ́n lọ́wọ́ dé ibẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lè lọ kí ọkọ yìí tó sọ pé òun rántí òórùn yàrá tí òun sùn sí ní Ifo lálẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní yẹn. Tó bá sọ ọ́ níwájú ìyàwó rẹ̀, nǹkan á yí padà láàárín wọn, nítorí pé ìyàwó kò rí ọmọkùnrin yẹn rí. Ọkùnrin tó ń gbé àga síta ló mọ̀. Ìyàwó náà á wá lè sọ pé nígbà tí fóònù bá kú, ẹnu ọ̀nà tí òun jókòó sí ní ọmọ ọdún mẹ́rin ni òun tún wà. Ohun tí wọ́n máa mú lọ sílé lè má ju nǹkan kékeré lọ. Kó tó gun orí Long Bridge, ọkọ á pè láti Berger: “Ìyá wọn, mo ti dé Berger, ọ̀nà ò dáa, ó máa tó wákàtí méjì.” Ìyàwó á ní, “Ẹ ṣeun, Dádì wa. Ọlọ́hun á mú yín dé.” Kí wọ́n lọ ra bátìrì afẹ̀yìngbé kan fún fóònù yẹn pẹ̀lú.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á máa bi ara wọn pé ṣé òbí ẹni ni wọ́n ní ká máa ka ẹ̀ṣẹ̀ sí lọ́rùn níbẹ̀. Ẹ̀tọ́ òbí lórí ọmọ kò yẹ̀. Ìyá tó lọ sí Kútọnu lọ wá oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ni, ó sì ṣeé ṣe kó sunkún nínú ọkọ̀ títí dé Sẹ̀mẹ̀. Ènìyàn lè mọ bí ohun kan ti dun òun tó kó sì máa ṣàdúà fún ìyá rẹ̀ ní ojúmọ́ kan náà. Nínú ohun tí mo ti rí, àwọn tó bá ti lè sọ ọ́ ni ọkàn wọn máa ń rọ̀ sí òbí wọn.

Àwọn mìíràn á ní àìpé ìgbàgbọ́ ló ń mú Mùsùlùmí wá ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí Ànábì wa sọ̀kalẹ̀ láti ihò Hira pẹ̀lú ìwárìrì, ọ̀dọ̀ Khadija ló sá lọ, ó ní kí wọ́n fi aṣọ bo òun. Khadija bò ó títí ẹ̀rù fi kúrò lára rẹ̀. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó rán an létí ìwà rere rẹ̀, kó tó wá mú un lọ sọ́dọ̀ Waraka tó ní ìmọ̀ ju tirẹ̀ lọ. Ìgbàgbọ́ ta ló pé ju ti ẹni tó béèrè aṣọ yẹn lọ?

Tí a bá ní kí ènìyàn lọ rí dókítà, orúkọ tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ará Ifo ni Aro, ó sì máa ń bí i nínú, nítorí pé a ti sọ “Aro ló yẹ ẹ́” di èébú. Ìtàn Aro gan-an yẹ ká mọ̀ ọ́n. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Thomas Adeoye Lambo tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1954. Ó ní kí aláìsàn wá pẹ̀lú ẹbí kan, kí wọ́n gba ilé sí àwọn abúlé tó yí ọsibítù ká, kí ẹbí máa se oúnjẹ fún un, kó máa wá gba ìtọ́jú láàárọ̀ kó sì padà sílé. Ní àkókò tí Robertson ń bẹ̀bẹ̀ ní Ìlú Ọba pé kí wọ́n jẹ́ kí ìyá dúró ti ọmọ, Lambo ti ń ní kí ìyá, aya tàbí àbúrò dúró ti àgbàlagbà ní Abẹ́òkúta. Ẹni ìsádi wà lára oògùn náà.

Ẹ kò ní láti sùn sí Aro o. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ rí dókítà níbẹ̀ tí wọ́n sì ń padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Ó rọrùn fún ará Mowe àti Ibafo láti gba ọ̀nà Sagamu lọ sí ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Olabisi Onabanjo, wọ́n ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ. Ẹni tó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ẹni tí kò sùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, tàbí ẹni tó ń sọ pé òun fẹ́ pa ara òun, kí wọ́n mú un lọ lójú ẹsẹ̀. Ti ọ̀rọ̀ sísọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kọ́ nìyẹn. Bákan náà ni ilé tí ọkọ bá ti ń lu ìyàwó. Ibi tí ẹ̀mí ìyàwó yóò ti wà láìléwu ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá, kí wọ́n má pe tọkọtaya jókòó sí yàrá kan náà.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lè béèrè lọ́wọ́ agbaninímọ̀ràn pé níbo ló ti kọ́ṣẹ́, mélòó ni owó rẹ̀, àti pé ta ni yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ òun. Tí kò bá fẹ́ dáhùn, kí ẹ wá ẹlòmíràn. Ẹ má sì jẹ́ kó yà yín lẹ́nu tó bá wù yín láti sá ní ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti ń sún mọ́ ibi tó ń dunni. Ẹ lọ sọ ọ́ fún un pé ó ń ṣe yín bíi kí ẹ má wá mọ́. Tí òun náà bá fẹ́ rìnrìn-àjò, tàbí tí iṣẹ́ yín bá fẹ́ parí, yóò ti sọ fún yín ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, yóò sọ ọjọ́ tó ń lọ àti ọjọ́ tó máa dé, ẹ ó sì ní àyè láti sọ bó ṣe rí lára yín kí ọjọ́ náà tó pé.